Agbọ̀n Adìẹ Ìgbéyàwó Wa

Abúlé Kamphenga,
Agbègbè Dowa.
Ìparí oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo fi ṣe bàbá,

Mo lóṣòó, mo sì ń pàtẹ́wọ́ kí yín láti ibi tí mo wà. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rin ìrìn oko, àbí òun náà ń dúró de òjò bíi gbogbo wa? Mo kí ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé. Mo bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀pà tí ẹ kó sínú àká má bọ́ sọ́wọ́ eku, kí lẹ́tà yìí sì bá yín nínú ara líle. Ní tèmi, ara le, orí nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Mo mọ̀ pé ìròyìn ti dé etí yín, nítorí ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta ẹja usipa kì í gbé ẹja dé ọ̀dọ̀ yín láìgbé òfófó lé e. Mo gbọ́ pé ó sọ fún yín pé Falesi ti kó kúrò nílé mi, pé wọ́n dáná sun agbọ̀n ìgbéyàwó wa níta gbangba, àti pé mo ti ń ká ẹní mi. Bàbá, òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀, èyí tó kù, èmi fúnra mi ò mọ èwo ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ wá bá àwọn àna wa jà, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni alárinà mi. Ẹ̀yin lẹ dúró fún mi lọ́jọ́ tí ìdílé méjèèjì fi àkùkọ gba àgbébọ̀, ẹ̀yin náà ló sì yẹ kí ẹ sọ fún mi bóyá mo ṣì jẹ́ ọkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọmọ wa Tadala bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ara rẹ̀ wú tótòtótó, láti ọrùn títí dé ìdí. Kò pẹ́ tí ara èmi àti ìyá rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa. Falesi ní, "Ẹ̀fọn ni. Ìwọ lo máa ń fẹsẹ̀ ta nẹ́ẹ̀tì sápá kan bí oorun bá ti gbé ọ lọ." Mo gbà fún un, kí àlàáfíà lè wà. Télọ̀ ni mí, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú dí gbogbo ibi tó ya lára nẹ́ẹ̀tì náà, a sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fọ́ọ̀mù yípo. Ilẹ̀ mọ́, ara wa tún wú. Mo yẹ nẹ́ẹ̀tì náà wò lójú oòrùn, kò sí ihò kan tí ẹ̀fọn lè gbà. Ibẹ̀ ni ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀.

A ní kò sí ohun méjì, ìdun ni. Ìdun kì í ṣe àlejò ní Kamphenga, kò sí ilé tí kò tíì gbà á lálejò rí. A gbé bẹ́ẹ̀dì jáde sínú oòrùn, Falesi gbé omi kaná, ó ń hó yaya, a dà á sí gbogbo oríkèé igi náà. Ó gba abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi, ó fi ń tú ojú igi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Kò rí ẹyọ ìdun kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìbora, kò sí òórùn ìdun tí gbogbo wa mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Saulosi, irú ìdun wo ni kì í rùn?" Mo ní, "Ìdun tó ń wẹ̀ lójoojúmọ́." Kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré.

Ni mo bá di ẹ̀bi ru ajá. Ìyá Falesi ní ajá pupa kan tó sọ ní Mwandida, ìyẹn "ẹ ti kórìíra mi," kí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń bá a jà lè máa gbọ́ ọ nígbàkigbà tó bá ń pe ajá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni ajá náà ti máa ń sùn. Mo lé e dànù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi àti ìyá ìyàwó mi kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ ní tààrà, ìtìjú àna ò ní jẹ́. Bó bá ní ohun tó fẹ́ kí n gbọ́, ajá ló máa ń sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ náà, ó ru igi ìdáná gba iwájú ilé wa kọjá, ó ní, "Mwandida, ọmọ mi, máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní ìwọ lo ń jẹ èèyàn. Kí wọ́n tó bí ọ sáyé rárá làwọn kan ti ń họra nílé bàbá wọn." Mo wà nídìí maṣíìnì mi, mo tẹrí mọ́ aṣọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ajá lọ, ara wa kò yé yún.

Mo ra oògùn apakòkòrò níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ. Mo fín in títí a fi ń wúkọ́ bí ẹni jẹ ata jíjó, àáyán àti aláǹtakùn kú bẹẹrẹ, a gbá wọn jọ. Falesi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún fi amọ̀ tuntun rẹ́ ilẹ̀ ilé, wọ́n dí gbogbo ibi tó sán. A sinmi fún ìwọ̀nba ọjọ́. Mo ti ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi pé mo ti ṣẹ́gun. Àfi bí nǹkan náà ṣe tún dé, ó ń jẹ wá bí ẹni tó lọ sinmi tó sì padà wá pẹ̀lú ebi. Mo ti fi aláǹtakùn tí kò ṣẹ̀ mí ṣe ìrúbọ lásán. Mo ń wo òkú wọn lọ́kàn mi, ojú ń tì mí.

Bàbá, mo tilẹ̀ fura sí adìẹ. Àgbébọ̀ tí àwọn àna wa fà lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ẹ fà lé èmi náà lọ́wọ́, a kò pa á jẹ. Nínú ìdílé wọn, irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kì í wọ ìkòkò. Inú agbọ̀n tí ìyá àgbà Falesi fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló ń yé sí, ibẹ̀ ló ti ń sàba, wọ́n sì ń fi agbọ̀n náà kọ́ sára ògiri lókè ibi tí tọkọtaya ń gbé orí lé, kí ìdílé méjèèjì lè pín àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde tó sì dáná sun ún, kò ní láti lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti sọ pé òun kò ṣe mọ́. Nítorí náà, mo ń wo adìẹ yẹn láti ìsàlẹ̀, òun náà ń wò mí láti òkè, n kò sì jẹ́ sọ ohun tí mo ń rò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, adìẹ náà pamọ. Ìyá Falesi ní kí wọ́n gbé adìẹ náà àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìdáná òun nítorí àwòdì. Inú mi dùn dé ìdí. Mo ní bó bá jẹ́ pé adìẹ ni, ìyà parí lónìí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ọ̀sẹ̀ tí adìẹ kúrò nínú yàrá ni wọ́n jẹ wá jù lọ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ara Tadala di egbò níbi tó ti ń họ ọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ adìẹ náà lọ́kàn mi, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ pátápátá. Ẹ rántí ibí yìí, Bàbá, nítorí ibí yìí ni èmi ọlọgbọ́n ti ṣìnà.

Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn fún ọmọ ní ìpara, ó bi wá pé kí ló ń jẹ ọmọ yìí. A ní a kò mọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó padà wá." Bí a ṣe ń bọ̀, àwọn èèyàn ti jókòó dè wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé Saulosi nìkan? Ilé ìyá Falesi kò ju ìsọ̀kò kan sí tiwa, ẹnikẹ́ni kò họra níbẹ̀. Namalomba, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í simi, rọra ń yan ẹ̀pà, ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú mi ló ń wò.

Ọjọ́ kejì ni Falesi gbé ọmọ pọ̀n, ó ká aṣọ rẹ̀, ó kọjá sí ilé ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Saulosi, èmi ò kọ̀ ọ́. Ilé yìí ni mo kọ̀." Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Àmọ́ ìwọ lo kọ́ ọ." Mo ń ronú sí gbólóhùn kejì yẹn títí di òní. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ara Tadala ti bẹ̀rẹ̀ sí í jinná lọ́hùn-ún, èyí sì burú fún mi ju egbò náà lọ, nítorí gbogbo abúlé rí i pé ibi tí mo wà ni ìyà wà. Inú mi dùn pé ọmọ mi ń sàn, inú mi bàjẹ́ pé ọmọ mi ń sàn. Ẹ wo irú ayé tí mo wà.

Ẹ̀yin náà ti jẹ́ àna tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó rí, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níbẹ̀. Ilẹ̀ ni tiwọn, ọmọ ni tiwọn, ilé tí ọkùnrin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ náà tiwọn ni. Ẹní àti àáké rẹ̀ ló ń gbé lọ bó bá ń lọ. Makolija, alárinà Falesi, wá jókòó lórí àpótí mi. Ó fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Àna wa, a ò sọ pé o gbé nǹkan wọ̀lú o. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ní ọkọ kì í máa sùn nílé ìyá rẹ̀. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn nílé ìyá ẹ̀, kí là á ti pè é?" Ó tún ní, "Wá nǹkan náà rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá dé tí o kò rí i, wàá bá wa ká ẹní rẹ, a ò ní jà." Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá òkè nígbà tó ń sọ ọ́.

Báyìí ni mo ṣe rí i. Àwọn obìnrin ìjọ gbé aṣọ funfun fún mi pé kí n fi rán aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú débi tí mo fi kó iṣẹ́ wọlé, mo tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ẹfun sàmì sí i. Mo sinmi mu omi. Nígbà tí mo máa bojú wo aṣọ, eruku ti wà lórí rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n. Kò pẹ́, eruku tún dé. Mo fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó dúró. Mo tẹjú mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bàbá, mo ní eruku ń rìn! Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, ó fi pupa sílẹ̀ lára aṣọ. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn tí wọ́n lè jẹ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo rí lórí aṣọ ìjọ.

Mo wo ògiri. Wọ́n tò láti òkè wá, wọn kò tóbi ju ata lílọ̀ lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á pè é ní ìdọ̀tí ògiri. Mo fi ojú tọ̀ wọ́n lọ sókè, agbọ̀n ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo na etí aṣọ funfun náà sábẹ́ agbọ̀n, mo fi ìka gbá a pẹ́, wọ́n rọ̀ bí òjò. Inú koríko ìtẹ́ náà ń yíra. Kòkòrò ara adìẹ ni! Ìgbà náà ló tó yé mi. Nígbà tí àgbébọ̀ wà níbẹ̀ tó ń sàba, òun ni oúnjẹ wọn, àwa kàn ni wọ́n fi ń panu. Nígbà tí a gbé oúnjẹ wọn lọ, ebi lé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Adìẹ tí mo yọ kúrò nínú ẹjọ́ nítorí pé ìyà pọ̀ sí i lẹ́yìn tó lọ, nítorí pé ó lọ gan-an ni ìyà fi pọ̀ sí i. Ara adìẹ náà ti mọ́ ní tirẹ̀, inú eérú ilé ìdáná ìyá Falesi ló ń yí láàárọ̀ láàárọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Agbọ̀n yẹn ní láti jóná. Wọ́n ti wọ inú híhun rẹ̀ dé ibi tí omi gbígbóná kò lè dé, oògùn tí mo fín kò kàn wọ́n rí. Bí mo bá sun ún, mo ti kọ ìyàwó mi lójú gbogbo ayé. Bí n kò bá sun ún, ìyàwó mi kò ní padà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ká aṣọ funfun náà dání, mo sáré lọ bá Makolija, wọ́n ní ó ti lọ síbi òkú ní Salima. Falesi ti lọ fa omi. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà níwájú ilé ìdáná, ó ń fẹ́ àgbàdo, Mwandida sì jókòó tì í.

Bàbá, mo ní kí n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo dúró lókèèrè, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí wọn, mo yí ojú sápá ibòmíì, mo ní, "Mwandida, mo kí ọ o. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ àgbà tó wà nítòsí rẹ. Mo fẹ́ gbàyè kí n dáná sun agbọ̀n tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa." Ọ̀rọ̀ kòkòrò ló kù tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e. N kò débẹ̀. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá, àgbàdo fọ́n ká, àwọn adìẹ bò ó, ajá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ó ti kọ ọmọ mi! Kò rán èèyàn, kò rán ìwé, ajá ló rán wá kọ̀ ọ́!"

Kí n tó mí, abúlé ti pé. Namalomba ló kọ́kọ́ dé, ó ṣì di ẹ̀pà mọ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀," ni gbogbo ohun tó ń sọ, bẹ́ẹ̀ kò wí nǹkan kan rí. Bàbá arúgbó kan nínú ìdílé wọn fi ọ̀pá gbálẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà wo lajá ti ń ṣe alárinà?" Mo na aṣọ funfun sókè, mo ní, "Ẹ wò ó, ẹ wá wo ohun tó ń jẹ wá!" Kò sẹ́ni tó wò ó. Àfi obìnrin ìjọ kan tó fa aṣọ náà mú, ó ní, "Saulosi, ṣé aṣọ wa lo fi ń nulẹ̀?" Mo ń ṣàlàyé, wọ́n ń pariwo, ohùn mi kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo rí ara mi lójú ọ̀nà ilé wa ní Ntchisi pẹ̀lú ẹní léjìká.

Ibẹ̀ ni Falesi bá wa, garawa omi lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó sọ garawa kalẹ̀. Ó gba aṣọ funfun lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà rìn bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ó wo pupa tó wà ní ìka rẹ̀, ó ní, "Níbo?" Mo ní, "Agbọ̀n." Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó na agbọ̀n sókèèrè ara rẹ̀ bí ẹni gbé ìkòkò tó ń jò. Ó gbé e sórí ààtàn, ó ní kí wọ́n fún òun níná. Kò sẹ́ni tó mira. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wa ògúnná nílé ìdáná. Ìyá rẹ̀ kígbe pé, "Falesi! Ìgbéyàwó rẹ lo fẹ́ dáná sun yẹn!" Falesi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, ìgbéyàwó mi kọ́ ló ń jẹ ọmọ mi." Ó sì ti iná bọ̀ ọ́. Koríko ìtẹ́ náà ta pàrà, ó jó, ó di eérú, gbogbo èèyàn ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.

Mo ní ó parí, a ti borí. Mo na ọwọ́ láti gba ọmọ. Falesi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀ rù, ó sì wọ ilé ìyá rẹ̀ lọ láìbá mi sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró síwájú ààtàn bí igi tí wọ́n gbìn síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo ti fi omi híhó fọ ògiri, mo ti fi amọ̀ tí mo pò mọ́ eérú rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì láti òrùlé dé ilẹ̀, mo ti se gbogbo aṣọ ìbora nínú agbada, mo ti tú fọ́ọ̀mù sínú oòrùn títí ó fi le gbagidi. Mo ń tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń mọ́ bí mo ṣe tẹ́ ẹ. Kò sí ohun tó ń jẹ mí mọ́. Àwọn náà ti lọ, Bàbá, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ lé wọn lọ kò sì tíì bọ̀. Nígbà mìíràn, ó ń ṣe mí bíi pé kí ara tún yún mi, bí mo bá lè gbọ́ kí Falesi máa bá mi jà lórí nẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ilé náà sì dákẹ́ jù.

Makolija ti ti ibi òkú dé. Ó pe àwọn àgbà, wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí ọkà nsima ọ̀sán fi tutù. Ó ní, "Bí ọkọ bá sun agbọ̀n, a mọ ohun tó sọ. Bí ìyàwó bá sun ún ńkọ́? Ta ló kọ ta?" Ọ̀kan ní Falesi ló kọ̀ mí. Ọ̀kan ní agbọ̀n obìnrin ni, obìnrin lè fi tirẹ̀ ṣe ohun tó bá wù ú. Bàbá arúgbó yẹn ní bóyá ká bi ajá. Wọ́n rán èèyàn lọ bi Falesi, ó ní òun ti sọ tòun lójú gbogbo wọn. Bó bá ń kọjá lọ síbi omi, ó máa ń ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o." Báwọn oníbàárà ṣe ń kí télọ̀ ló ń kí mi. Òjò ti ń kù lókè, àwọn àgbà sì ní kí n ránṣẹ́ pe alárinà mi.

Nítorí náà ni mo fi kọ̀wé sí yín. Ẹ wá, Bàbá, ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn tó ń dá a kò mọ ibi tó dorí kọ. Ẹ má bínú wá. Bí wọ́n bá ní kí n lọ, ó wù mí kí ó jẹ́ ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí orúnkún yín gbà yín láàyè, kí òjò tètè dé sí oko yín kó má sì wó ilé ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín má ṣe sùn nínú ilé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láé.

Èmi ni ọmọ arábìnrin yín, tí ẹ fọwọ́ ara yín fún láya,
Saulosi.

Àfikún: Mo ti ká lẹ́tà yìí, ọkùnrin ẹlẹ́ja ni mo ń dúró dè, nígbà tí Falesi wọlé lánàá ní ìrọ̀lẹ́. Kò kí mi. Ó bọ́ aṣọ Tadala, ó tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ìhòòhò láìda nǹkan bò ó, ó sì jókòó tì í. Mo ní, "Falesi, ṣé o ti padà ni?" Ó ní, "Dákẹ́. Ara ọmọ ni mo ń wò." Mo tún ní, "Agbọ̀n tí o sun, àwọn àgbà fẹ́ mọ ohun tí o fi ń sọ." Ó ní, "Mo fi ń sọ pé ó kún fún kòkòrò. Kí ni gbogbo yín tún fẹ́ kó sọ?" Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó yí ọmọ síwá sẹ́yìn, ó yẹ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Ẹ má wulẹ̀ sáré wá mọ́. Bí ẹ bá ráyè lẹ́yìn òjò, ẹ bá wa mú agbọ̀n tuntun dání. Falesi ní abẹ́ òrùlé ìta lòun máa gbé e kọ́ sí, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lọ bá ààtàn sọ ọ́. Lẹ́yìn tó sọ ìyẹn tán ló wá dùbúlẹ̀ ti ọmọ, òun tí kò fojú ba oorun mọ́jú. Ó ṣì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa báyìí. Mo rọra ń kọ èyí, kí n má baà jí i.